Òjò Wa, Bọ́ọ̀lù Wa, Tẹlifíṣàn Ò Rí Wọn

Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn bá mi jẹ́ iṣẹ́ yìí fún un.

Lóṣù Kẹwàá tó kọjá, kòkó wa wà lórí tapólì méjì níwájú ilé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. A ti bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́fà mìíràn nínú oòrùn. Ó ku díẹ̀ kó gbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìròyìn ojú ọjọ́ nìkan, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí epo jẹ́. Tẹlifíṣàn tó wà nítòsí wa níbí ni mo yí sí o, kì í ṣe ti Àbújá. Kí ni wọ́n kà? Èkó, Àbújá, Kánò, Port Harcourt, Máídúgùrì. Wọ́n sọ bí oòrùn yóò ṣe mú tó ní Kánò. Kò sí Ìjẹ̀bú, kò sí Rẹ́mọ. Wọ́n bọ́ sí ìpolówó ọjà.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba oko lọ. Kí n tó padà, òjò ti ṣe tirẹ̀. Màmá ọkọ mi, tí eékún ń dùn, ni mo bá nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fa tapólì nìkan. Nígbà tí ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa dé, ó mú ẹyọ kan, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ó nà án sí mi. Nǹkan funfun bí òwú ti wọ inú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó fúnra yín." Iye tó pè, mi ò lè sọ ọ́ délẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ kí omi má bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni!

Ẹ má sọ fún mi pé kí n wo fóònù. Láti oṣù Kẹrin ni fóònù ti ń ya òjò síbẹ̀ lójoojúmọ́. Òjò wa kì í rọ̀ báyẹn. Ó lè kún ojú títì ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ̀kán má kán ní Orù. Ìjì òjò ńlá wa, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Bó bá ti ń jà lọ́nà Oǹdó, ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè kéde pé, "Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ kó kòkó yín." Láàárín wákàtí díẹ̀, yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ̀ yìí ò sì jìnnà: NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí! Ta ló yẹ kó gbà á lẹ́nu wọn kó fi èdè wa sọ ọ́ fún wa, bí kì í bá ṣe tẹlifíṣàn tó wà láàárín wa? Àwọn ti Èkó ò ní ṣe é, àwa kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ti bọ́ọ̀lù ló tún wá dùn mí jù, nítorí àwọn ọmọ. Remo Stars gba ife líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Ìkẹ́nnẹ́ ni pápá wọn wà. Àbúrò ọkọ mi, Adúmáadán mi, máa ń wọ mọ́tò lọ wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí kò lówó mọ́tò, gbogbo wa jókòó sílé, ọmọ mi ọkùnrin wà níta tó ń yí òpó eríàlì, tó ń pariwo pé, "Ṣé ó ti dé?" Kò dé. Ọjọ́ ìbí olówó kan ni wọ́n ń fi hàn, aṣọ ẹbí, owó níná, fún odindi wákàtí méjì. Nígbà tí ìròyìn eré ìdárayá dé, Arsenal, Chelsea, Liverpool. Wọn ò tilẹ̀ sọ iye gòòlù tí wọ́n gbá ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ náà bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe bọ́ọ̀lù gidi ni?"

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí WNTV, tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Láti ìgbà yẹn dòní, ká má lè rí bọ́ọ̀lù Ìkẹ́nnẹ́ wò ní Ìjẹ̀bú-Igbó?

Wọ́n á ní kò sówó. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé lọ síbi ọjọ́ ìbí ńkọ́? Mọ́tò tó gbé e ńkọ́? Bí ọmọ iléèwé wa bá sáré tó gba ipò kìíní, ta ni yóò fi ojú rẹ̀ han ìyá rẹ̀ bí ẹ̀yin ò bá ṣe é?

Kòkó ti tún ń pọ́n. Tapólì kan ló kù fún wa báyìí, èkejì ya lọ́jọ́ òjò yẹn. Ẹ sọ òjò Ìjẹ̀bú fún wa, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ tó dé Kánò.