Ẹwà nìkan kọ́ ló mú Pompadour dúró láàfin

Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ní ẹwà ni Madame de Pompadour, àlè ọba, fi di Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ọba Faransé, mú. Mi ò gbà rárá. Láti nǹkan bí 1750 ni òun àti ọba kò ti bá ara wọn sùn mọ́, síbẹ̀ kò kúrò ní Versailles, ààfin ọba, títí ó fi kú ní 1764, lọ́mọ ọdún 42. Báwo ni ẹwà ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn, láàárín àwọn ìjòyè tó kórìíra rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá? Ọpọlọ ni! Òun ló ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Choiseul lẹ́yìn tó fi di mínísítà ọba. Ó gbárùkù ti iléeṣẹ́ tánganran Sèvres pẹ̀lú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ogun Ọdún Méje, tí Faransé àti Ọ́stríà bá Bìrìtéènì àti Prussia jà. Faransé pàdánù Kánádà ní 1763, ni wọ́n bá di ẹ̀bi ru obìnrin yìí, torí pé ó fara mọ́ àdéhùn tí wọ́n bá Ọ́stríà ṣe ní 1756. Ọba tó fọwọ́ sí i ńkọ́? Lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Soubise, ọ̀gágun Faransé tí Prussia ṣẹ́gun ní Rossbach ní 1757. Ṣùgbọ́n ta ló láṣẹ láti fi í ṣe olórí ogun, bí kò ṣe ọba fúnra rẹ̀?