Ọ̀jọ̀gbọ́n Ló Ń Wà Á

Àánú obìnrin kan ń ṣe mí. Òun ló ń wa gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Adó-Èkìtì. Ẹ wo ìpolówó èyíkéyìí lórí WhatsApp: "Lady driven." Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń gbé e jáde, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́jẹ́ bí ẹni ru ẹyin. Ó jọ pé ó ti wá rẹ̀ ẹ́, torí láìpẹ́ yìí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa. "Professor ló ń lò ó." Ní Èkìtì ńbí, ta ló fẹ́ jiyàn ìyẹn? Ìbéèrè kan ni mo ní: ìwé tí bàbá kà, ṣé gíà náà bá wọn kà á ni?

"First body" ńkọ́? Wọ́n ní kò tí ì rí panẹ́bítà rí. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Irin a máa dún. Èyí ń ṣe gbì, gbì, bí ògiri alámọ̀. "AC chilling" náà kì í ṣe irọ́ pátápátá: bí omi Ìkògòsì ni, ó tutù lápá kan, ó gbóná lápá kejì. Kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n á da omi sí i lára kó lè máa dán. Apá ọ̀tún nìkan lẹ ó sì rí.

Accord 2003, èyí tí a ń pè ní End of Discussion, wọ́n ní 60,000 máìlì péré ló rìn. Rọ́bà orí bíréèkì ti jẹ dé irin. Ta ló fẹsẹ̀ jẹ ẹ́, iwin? Ẹlòmíì á pe ti 2004 ní 2006, bí ẹni pé a ò mọ̀ pé 17 ni nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà lórí ṣáásì, àti pé ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún mọ́tò.

Wọ́n ní oríkì làwọn ń ki mọ́tò. Oríkì wo? Oríkì a máa dárúkọ ẹni tó dúdú, ẹni tó kúrú, títí kan ẹni tó sá lójú ogun.

Nígbà tí èmi fẹ́ ta tèmi, ohun tí mo kọ nìyí: "Camry 2004. Ọkùnrin ló ń wà á, ó sì máa ń sáré. Ọlọ́kadà gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní Bàsírì, mo ti kùn ún. Èéfín rẹ̀ máa ń ṣe búlúù láàárọ̀: ó ń mu ọ́ìlì. Táyà méjì jẹ́ tuntun. Pátíkúlà pé. Ẹ mú mẹkáníìkì yín wá, ká jọ fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n." Mo kọ iye tí mo fẹ́ gbà sí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní, "Bọ̀dá, kí lẹ tún wá fi pamọ́?" Ẹnì kejì béèrè bóyá ara mi yá. Lọ́jọ́ kẹta, arákùnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ mú mẹkáníìkì wá. Ohun tí mo kọ náà ni wọ́n bá. Kò ná mi púpọ̀ tó fi sanwó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí Camry kan lórí status ọ̀rẹ́ mi kan. Omi ń kán lára rẹ̀. Sítíkà ẹgbẹ́ àwọn bàbá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì wà lára gíláàsì ẹ̀yìn.

"2006. First body. Lady driven."

Mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n mi.