Ẹ̀gbọ́n, orin Mozart kọ́ ni yóò kọ́ ọmọ ní A-B-D

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ ní ọmọ tó bá ń ṣi lẹ́tà kà, ọpọlọ rẹ̀ ló ti kú, àti pé bí a bá ń fi orin Mozart, olórin òyìnbó ayé àtijọ́ nì, sí i létí lálaalẹ́, yóò jí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ìwádìí tí gbogbo ayé ń pariwo, pé gbígbọ́ orin Mozart ń mú ọpọlọ já fáfá, jáde ní 1993. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n fi dánra wò, kì í ṣe ọmọdé, kò sì kan ìwé kíkà rárá. Ipa orin náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ.

Dyslexia, ìṣòro ìwé kíkà tó ń mú ọmọ ṣi lẹ́tà kà, ńkọ́? Apá òsì ọpọlọ, níbi tí ìró àti lẹ́tà ti ń pàdé, ni kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíì nígbà ìwé kíkà. Ní 1896, dókítà Pringle Morgan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí orí rẹ̀ pé, tó mọ ìṣirò, àmọ́ tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ọpọlọ yẹn ló kú?

Orin wúlò, n kò jiyàn. Ní kíláàsì mi níbí l'Óṣogbo, ọmọ kan wo "igbá" títí, kò rí i kà. Mo ní kó lu tábìlì bí onígángan: i-gbá, i-gba, ì-gbà. Ìgbà yẹn ló gbọ́ pé ìró méjì ló wà níbẹ̀. (Ariwo yẹn dùn mọ́ mi ju Mozart lọ.) Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń lù ú, lẹ́tà sì wà níwájú rẹ̀. Kíkọ́ ìró mọ́ lẹ́tà, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, ni iṣẹ́ gan-an. Ìlù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "ọpọlọ rẹ̀ ti kú" kúrò. Àwọn ìyá ọmọ ń kà á.