Ọmọ ata tó ga jù kọ́ ló dáa jù

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tó bá ti tó àsìkò àtikó ọmọ ata lọ sóko, ẹ wo ọwọ́ àwọn èèyàn: èyí tó ga jù ni wọ́n á kọ́kọ́ hú. Wọ́n á ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ata kọ́ ni wọ́n pa òwe yẹn fún o.

Èmi náà ti ṣe é rí. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fọ́n hóró ata rodo sí, bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fádìyẹ. Àwọn tó ga fíofío ni mo ṣà lọ gbìn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, òjò dé tòun tìjì. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ṣe ni gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Ìbòòji ló fà á. Ata tí oòrùn ò tó, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún há mọ́, ṣe ló máa ń nà sókè wá ìmọ́lẹ̀. Kì í ráyè sanra, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í lágbára.

Ìyá kan tó ti ń gbin ata kí wọ́n tó bí mi ló là mí lójú: "Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kó o wò, má worí ẹ̀." Ó fa ọ̀kan tu tòun terùpẹ̀. Kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ sanra ju igi ìṣáná lọ, ewé ẹ̀ dúdú, wọ́n sún mọ́ra, gbòǹgbò ẹ̀ sì funfun báláú. Èyí tó bá ga tó tún sanra, kò burú.

Ti háíbríìdì, ìyẹn ata tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. F1, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ tí oríṣi méjèèjì bí, tí ẹ bá ra hóró rẹ̀ nínú pákẹ́ẹ̀tì, máa ń jọra wọn. Èyí tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àyè tó rí ló gbè é. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ hóró inú F1 yẹn, tẹ́ ẹ sì tún un gbìn, ọmọ bàbá kan ìyá kan ni wọ́n á dà: kálukú pẹ̀lú ìwà ẹ̀. Tó bá jẹ́ tàtàṣé tí kì í ta àti ata títa ni wọ́n fi bí F1, bí 1 nínú 4 àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò ní ta rárá. Ojú ò lè rí ìyẹn lára ewé. Àfi kéèyàn gbin púpọ̀, kó ri ọ̀pá mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó dúró dìgbà tó bá so.

Èmi gbin 40. Ewúrẹ́ ti jẹ 3. Nínú àwọn tó kù, kúrékúré kan tí mo fẹ́ẹ́ sọ nù ni èso ẹ̀ gùn jù báyìí.