Akọ kìnnìún kì í ṣe ọ̀lẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Mo gbádùn ìròyìn yín lórí àwọn kìnnìún Pendjari ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé akọ kàn ń sùn ni, tí àwọn abo á sì máa wá oúnjẹ fún un. Ó lè sùn tó wákàtí 20 lóòjọ́ lóòótọ́, àmọ́ abo náà ń sùn dáadáa. Nínú igbó dídí ní Kruger, ní Gúúsù Áfíríkà, akọ máa ń dá ọdẹ ṣe: á ba sábẹ́ ewéko, á sì fò mọ́ ẹran lójijì. Bó bá sì di ẹfọ̀n, agbára akọ tó wọn nǹkan bíi kílò 190 wúlò gan-an.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó le jù ni ṣíṣọ́ agbo ilé rẹ̀. Bí àwọn akọ àjèjì bá ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sábà máa ń pa àwọn ọmọ kéékèèké tó bá nílẹ̀, kí ìyá wọn lè tètè tún lóyún. Ìdí nìyẹn tí akọ méjì mẹ́ta, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ìbátan, fi ń para pọ̀ jà. Ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣọ́ ọmọ, ẹ wá ń pè é ní ọ̀lẹ!

Ní ti gọ̀gọ̀, ìyẹn irun ọrùn akọ, àwọn onímọ̀ rí i ní Serengeti, ní Tànsáníà, pé àwọn abo fẹ́ràn akọ tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ bá dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú un jù. Gọ̀gọ̀ àwọn ti Pendjari kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwòrán kìnnìún onígọ̀gọ̀ ńlá tí ẹ fi sínú ìròyìn yín kúrò, kí ẹ fi tiwọn síbẹ̀.