Ta ló ní torí mi ò tètè lọ́kọ ni mo ṣe ní fáíbírọ́ìdì?

Nọ́ọ̀sì tó gba káàdì lọ́wọ́ mi ò tíì wo ojú mi tó fi béèrè pé, “Ọmọ mélòó?” Mo ní kò tíì sí. “Ọkọ ńkọ́?” Mo ní kò tíì sí. Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè. Ó wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sórí káàdì, 34, ó pòṣé, ó sì yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé: “Ṣé ẹ rí i? Ilé ọmọ tí kò bá rí ọmọ gbé, nǹkan míì ló máa gbé.” Àwọn obìnrin bí ogún ló wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn ló gbọ́.

Mi ò bínú sí i lọ́jọ́ náà, torí èmi náà gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ta ni kò gbà á gbọ́ nínú wa? Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, wọ́n ń sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, àwọn alágbo tó ń polówó nínú mọ́tò sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ta ọjà láti Ìwó Road títí dé Ọ̀jọ́ta. Wọ́n ní obìnrin tó bá fi ọkọ níní falẹ̀, fáíbírọ́ìdì ni yóò gba ipò ọmọ nínú rẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ tú u palẹ̀ fún mi. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo rò pé wọ́n á ní “ṣé mi ò ti ń wí?” Wọn ò wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi tí mo wọlé ọkọ ní ọmọ ọdún 21, tí mo bí ẹ̀yin márààrún ńkọ́? Ọkọ wo ni mo fi falẹ̀?” Wọ́n ká bùbá sókè, wọ́n sún ìró sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi àpá kan hàn mí lábẹ́ ìdodo. Mo ti mọ àpá yẹn láti kékeré. Àbúrò mi àbígbẹ̀yìn ni mo rò pé wọ́n gbà níbẹ̀. Àṣé fáíbírọ́ìdì ni. Ọmọ ọdún 46 ni ìyá mi nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ọ́ rí, torí ìtìjú. Ojú ń ti ìyá ọlọ́mọ márùn-ún pé àwọn èèyàn á sọ pé àrùn àwọn tí kò bímọ ló ń ṣe òun!

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ara ògiri ilé ọmọ ni fáíbírọ́ìdì ti ń hù. Iṣan ni ògiri yẹn, òun ló ń fún pọ̀ nígbà ìrọbí. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú iṣan náà ni yóò yàtọ̀ sí àwọn yòókù, tí yóò máa pín ara rẹ̀ títí yóò fi di kókó líle. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland yẹ irú kókó bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, wọ́n sì rí i pé nínú mẹ́wàá, bíi méje ló ní àyípadà nínú jíìnì kan náà (jíìnì ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé), èyí tí wọ́n ń pè ní MED12. Jíìnì ò mọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Họ́mọ̀nù obìnrin, estrogen àti progesterone, ló ń bọ́ kókó náà, àwọn kan náà tó ń darí nǹkan oṣù. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tó sì sábà máa ń súnkì nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró.

Iye àwọn tó ní in ńkọ́? Ní 2003, àwọn olùwádìí gbé èsì iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn obìnrin ẹni ọdún 35 sí 49 ní ìlú Washington. Wọn ò dúró de ẹni tó ń ṣàìsàn, ṣe ni wọ́n ṣe síkáànù fún wọn. Ìṣirò wọn ni pé nígbà tí obìnrin bá fi máa pé 50, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ dúdú tó máa ti ní fáíbírọ́ìdì, àwọn aláwọ̀ funfun sì sún mọ́ méje nínú mẹ́wàá. Ṣé gbogbo mẹ́jọ yẹn ló pẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ? Púpọ̀ nínú àwọn tó ní in ni kò mọ̀, torí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyàwó ilé tó ń fi ẹnu ṣá ọmọ ọlọ́mọ lè gbé mẹ́ta sínú kó má mọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ tú irọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ni irọ́ yòókù sì fara tì. Ìwádìí fi hàn lóòótọ́ pé fáíbírọ́ìdì kì í pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti bímọ tó bó ṣe máa ń pọ̀ lára àwọn tí kò bí rí. Wọ́n rò pé ohun tó fà á ni pé ilé ọmọ tó gbé oyún dópin máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù kan, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá sì fi máa kọjá lẹ́yìn ìbímọ, á ti padà sí gíráàmù 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ògiri yẹn ti ń fà sẹ́yìn, àwọn kókó kéékèèké lè bá a lọ. Ó tán síbẹ̀. Pé ọmọ bíbí lè lé díẹ̀ lọ kò túmọ̀ sí pé àìbímọ ló gbìn ín. Ẹni tí kò ní agboorùn kọ́ ló dá oòrùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà tún máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Fáíbírọ́ìdì tó bá yọ sínú ihò ilé ọmọ lè dí oyún lọ́wọ́, ó sì lè mú kí oyún bàjẹ́. (Èyí tó yọ sí ẹ̀yìn ilé ọmọ lóde kì í sábà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọmọ.) Nítorí náà, obìnrin kan lè lọ́kọ ní 25, kó máa wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án, kó ní kókó kan tó há sínú níbẹ̀ látìgbà náà, kí wọ́n wá ṣe síkáànù fún un ní 34, kí wọ́n ní àìtètèbímọ ló fà á. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ọjọ́ orí náà sì ń dá kún un: láàárín 30 sí 50 ọdún ni fáíbírọ́ìdì sábà máa ń fara hàn. Ẹni tó ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà yẹn, wọ́n á ní “ìyà ọmọ bíbí” ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bí, wọ́n á ní ó jẹ̀bi.

Ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ń mú kó ṣeé ṣe ju ti ẹlòmíì lọ kò ní ìgbéyàwó nínú: kí ìyá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni obìnrin ti ní in, kí nǹkan oṣù tètè bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn sanra jù. Èmi ní ìyá tó ní in. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe níbi ìtọ́jú wá ńkọ́? Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí kò kọ oògùn kankan. Ó ní, “Lọ wá ọkọ, bí ọmọ kan, á lọ.” Bí ẹni pé wọ́n ń ta ọkọ ní Dùgbẹ̀. Oyún kì í ṣe oògùn fáíbírọ́ìdì. Nígbà míì kókó náà máa ń tóbi sí i ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè ki ìrora bọ obìnrin, ó lè mú kí ọmọ gba ìdí wá, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù lẹ́yìn ìbímọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń “wá ọkọ” yìí, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára mi. Páàdì méjì ni mo ń wọ̀ pa pọ̀, ìró dúdú ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn lóṣooṣù, mo sì ń jẹ yìnyín bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Àwọn ará ilé ń fi yìnyín yẹn dá àpárá. Àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń mú kí yìnyín máa wu èèyàn jẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọn PCV mi, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, 21 ni. Ó yẹ kó tó 36.

Ní àyẹ̀wò kejì, mo ti bọ́ṣọ, mo ti dùbúlẹ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bá wọlé. Kò sẹ́ni tó ní “ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò burú?” Wọ́n ní ilé ọmọ mi tó “oyún ọ̀sẹ̀ 16”. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọn ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣàlàyé, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kí n tó wọ mọ́tò.

Obìnrin tí wọ́n bá fi ojú ẹlẹ́bi wò báyìí, ọ̀dọ̀ alágbo ló máa sá lọ, ṣebí alágbo á pè é ní àǹtí. Alágbo á ní ìjù ni, yóò yọ́ wálẹ̀. Tí ìṣù ẹ̀jẹ̀ bá wá ń jáde, á ní “ẹ ò rí i, ó ti ń yọ́.” Ìṣù ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó dì. Iṣan líle kì í yọ́ gba ojú ara jáde bí ṣúgà.

Apá kejì ìgbàgbọ́ yìí ni ti ìyá mi. Tó bá jẹ́ pé ọmọ nìkan ni ilé ọmọ wà fún, a jẹ́ pé ẹni tó bá ti bímọ tán kò nílò rẹ̀ mọ́. Wọn ò sọ fún ìyá mi pé ọ̀nà méjì wà. Wọ́n gbé ìwé fún bàbá mi, bàbá mi fọwọ́ sí i, nígbà tí ìyá mi jí, wọ́n ní ilé ọmọ ti lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tó dára jù nìyẹn fún wọn, iṣẹ́ abẹ yẹn nìkan ló ń fòpin sí fáíbírọ́ìdì pátápátá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà míì ti wà tipẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Victor Bonney, ní ilé ìwòsàn Middlesex. Wọ́n yọ ilé ọmọ ìyàwó rẹ̀ nítorí fáíbírọ́ìdì, wọn ò sì bímọ. Bonney di ọ̀kan lára àwọn tó jà jù fún yíyọ kókó nìkan, kí ilé ọmọ wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ tó fi ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa nígbà iṣẹ́ abẹ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ní 1995, Jacques Ravina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris gbé ìròyìn ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n á ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dí ojú ibi tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ kókó náà, ebi á sì pa á títí á fi súnkì. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, bíi tranexamic acid. Rọ́bà wà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń tú họ́mọ̀nù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kókó tó bá yọ sínú ihò ilé ọmọ, wọ́n lè gba ojú ara wọlé lọ gé e láìla ikùn. Ẹni tí kò sì yọ lẹ́nu lè fi í sílẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ.

Lóòótọ́ náà, ó lè padà wá. Lupita Nyong’o, òṣèré ọmọ Kẹ́ńyà, sọ ní 2025 pé 30 ni wọ́n bá lára òun ní 2014, ọdún tó gba ẹ̀bùn Oscar. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ ó padà wá. Kí ni ẹni yẹn fi falẹ̀?

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 23, ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ ipò ìlera rẹ̀ fún un, oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọ́n ń ná ni, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó sì ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, bó bá ti ṣeé ṣe. Kò síbi tó ti ní kí wọ́n wá ọkọ obìnrin tó ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, kó tó fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀.

Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo ti ṣe tèmi, lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì sí mi lára. Dókítà obìnrin kan ló ya àwòrán ilé ọmọ mi sẹ́yìn ìwé, ó fi hàn mí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ó ní òun á sa gbogbo ipá òun kí ilé ọmọ má lọ, ó sọ ohun tó lè mú kó lọ. Nígbà tí ìwé dé, nọ́ọ̀sì na bírò sí bàbá mi. Dókítà ní, “Rárá o, òun.” Ọwọ́ mi gbọ̀n tí mo fi kọ orúkọ mi.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n yọ. Wọ́n kó wọn sínú bàsíà, wọ́n gbé e wá fún àwọn ará ilé mi wò níta, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo lajú, ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, “Mo rí wọn. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń gbá aṣọ ìbora mi létí. “Tèmi, bàbá yín nìkan ni wọ́n fi hàn.”