Ìgèrè Tí Kì Í Jẹrà

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tí kò bá bá mi gbà, ká jọ fà á. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe òfin tó máa gbé akàn àti edé inú ọ̀sà Èkó ró, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ọlọ́kọ̀ tó ń tu àjẹ̀ lábẹ́ Third Mainland Bridge ní ìdájí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìgèrè, ìyẹn pàkúté tí wọ́n ń rì sómi, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà, tí wọ́n ti ń fi nẹ́ẹ̀tì bo irin, ibẹ̀ ni òfin ti lè wọlé láìsí pé ẹnì kankan gbé kóńdó dání.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ òfin létí omi, tásíkífóòsì ló ń sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Wọ́n á gba àwọ̀n, wọ́n á gba ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á lọ gba tiẹ̀ padà, tálákà á máa wò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgèrè fúnra rẹ̀. Pankẹ́rẹ́, ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn bàbá wa fi ń hun ún. Ẹnu rẹ̀ á fẹ̀ níta, á sì máa fún bó ṣe ń wọnú lọ, tí ohun tó bá kó sí i kò fi ní rí ojú ọ̀nà tó gbà wọlé mọ́. Wọ́n á ju ẹyìn, àgbọn tàbí ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ fún edé, wọ́n á fi orí ẹja tàbí ìfun ẹran sí i fún akàn. Bí okùn irú ìgèrè yẹn bá já tí omi gbé e lọ, wàhálà rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Pankẹ́rẹ́ á rà, ẹ̀gbẹ́ á ya, ohun tó há sínú rẹ̀ á bá tiẹ̀ lọ.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni wọ́n fi ń ṣe egungun rẹ̀, ọ̀rá ni nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bò ó, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo wáyà tí wọ́n fi rọ́bà wọ̀ láṣọ kó má baà dípẹtà. Ó lágbára, ó ń pẹ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ra ohun tó ń pẹ́. Àmọ́ ní ọjọ́ tó bá sọnù ni pípẹ́ yẹn máa ń di ọ̀ràn. Akàn tó bá kú sínú rẹ̀ á di ìjẹ fún òmíràn. Òmíràn á wọlé, á kú, òun náà á tún fa ẹlòmíì wá. Bí yóò ṣe máa pa á lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó ń tà á, ẹni tó ni ìgèrè gan-an ti lọ ra òmíràn.

Ìgèrè kì í sì í ṣòro láti sọnù l'Ékòó. Ọkọ̀ èrò tó ń sáré láti Ìkòròdú lọ sí Márínà á fi ẹ́ńjìnnì gé okùn. Koríko omi, tó ti ń yọ wá lẹ́nu láti 1984, á wọ́ jọ, á fa ike omi òfìfo tí wọ́n fi ṣe àmì lọ síbi tójú ò tó. Àwọn tó ń wa yanrìn náà ń bẹ. Olè tún ń bẹ, tí yóò kó akàn tán tí yóò sì gé okùn kí wọ́n má baà mọ̀.

Àbúrò mi kan ní Ìlú Ọba ló jẹ́ kí n ronú kan ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Edé Amẹ́ríkà kan wà tó kún odò wọn, ọwọ́ ńlá méjì bíi ti akàn ló ní. Àwọn ni wọ́n fúnra wọn gbé e wọ̀lú láàárín ọdún 1970 sí 1979 láti máa sìn ín, ó bá já lọ sódò, ó sì gbé àrùn tó ń pa edé ìbílẹ̀ wọn wá. Àbúrò mi fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgèrè tí yóò fi máa mú un. Ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní Ìlàjẹ, Bariga, ó sì fi ìwọ̀n tí ìjọba ibẹ̀ là sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gígùn ìgèrè kò gbọ́dọ̀ ju 600 mìlímítà lọ, ìbú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 350. Ojú nẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju 30 lọ, ẹnu ìgèrè kò gbọ́dọ̀ ju 95. Wọ́n á kọ́kọ́ gbàṣẹ, ìgèrè kọ̀ọ̀kan á sì ní àmì tó ń fi olówó rẹ̀ hàn.

Bàbá oníṣẹ́ ìgèrè tí mo kà á fún ní Bariga rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń fi rúlà wọn ẹnu ìgèrè. Mo ní ẹranko onírun kan wà nínú odò wọn tó ń jẹ ẹja, otter ni wọ́n ń pè é, bí ẹnu ìgèrè bá fẹ̀ jù, á kó wọnú rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde wá mí, omi á sì pa á. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Ìjàpá omi náà ń kú sínú tiwa báyìí. A kàn ń jù ú nù ni." Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n dín ẹnu rẹ̀ kù ńkọ́? Wọ́n ní, "Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọwọ́ mi kọ́ ló ń so ó ni?"

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń sọ dúró lé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan lè pa òfin mọ́ kí ìgèrè tó dé inú omi rárá.

Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbátan edé olómi dídùn yẹn ti jẹ́ oúnjẹ ọdún àti àríyá, ẹni tó ń mú un fún jíjẹ nílé kò gbọ́dọ̀ lò ju ìgèrè 35 lọ, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Wọ́n ní bí ojú wáyà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kí kékeré lè bọ́ jáde. Texas tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló wú mi lórí jù. Ní ti akàn, wọ́n ní ìgèrè gbọ́dọ̀ ní òrùka àbáyọ nísàlẹ̀, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 2⅜, kí akàn tí kò tíì tó tà lè gba ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, apá kan lára ìgèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí omi lè jẹ, irú bí okùn tí wọ́n fi ń rán àpò kòkó, tó jẹ́ pé bí ó bá rà, ihò á ṣí. Láti 2002 ni wọ́n tún ti ń fi ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Kejì kó gbogbo ìgèrè kúrò nínú omi, èyí tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ ti di ìdọ̀tí, aráàlú lè wọ ọkọ̀ lọ kó o.

Ẹ ò rí i? Ohun tí pankẹ́rẹ́ ń ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi òfin dá padà níbẹ̀.

Kò sì ní ná wa ní nǹkan kan tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Gé ojú kan lára nẹ́ẹ̀tì, kó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀, kí o wá fi okùn àpò kòkó tàbí okùn òwú lásán rán an padà. Má fi okùn ọ̀rá rán an, nítorí pé iṣẹ́ òfo nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ìgèrè rẹ̀ wò déédéé á rí okùn náà nígbà tó bá ń gbó, á pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti òrùka, àjákù páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ń dà nù ti tó, gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí o so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, torí ilẹ̀ ni akàn ń rìn.

Àwọn kan á ní akàn kékeré náà owó ni. Òótọ́ ni, mo ti rí i ní ọjà Aṣéjẹ́rẹ́ ní Makoko bí wọ́n ṣe ń kó o jọ tà bí erùpẹ̀, wẹ́wẹ́ẹ̀wẹ́, tí kò sí ẹran nínú rẹ̀ ju omi ọbẹ̀ lọ. Àwa náà là ń rà á. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa bú apẹja nígbà tí ìyàwó ilé tó wá láti Yaba ń ná an ní ẹ̀dínwó.

Ti ẹlẹ́yin ló le jù. Ní Texas, ẹni tó bá mú akàn tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn gbọ́dọ̀ dá a padà sómi. Ẹ lọ sọ ìyẹn létí omi níbí kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín, torí ẹlẹ́yin gan-an ni oníbàárà ń béèrè. Mi ò rò pé òfin lè dé ibẹ̀ lónìí. Ọ̀nà ọ̀fun ni, kì í ṣe ọ̀nà ọwọ́ oníṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Àwọn apẹja ní ẹjọ́ tiwọn, mo sì gbè wọ́n. Wọ́n ní ìgèrè àwọn ni a rí, a ò rí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lójú òkun. Òfin ẹja òkun ti 1992 wà, tó ní kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má dé inú máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, ojú ìdí àwọ̀n edé wọn kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 44 mìlímítà. Ẹ bi àwọn ará etíkun bóyá wọ́n ń pa á mọ́. Àmọ́ ẹ wo ibì kan tí àwọn ọkọ̀ náà ti fi ara balẹ̀: láti 1989 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé àwọn ò ní ra edé òkun lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí àwọ̀n rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ fún ìjàpá òkun. Nítorí dọ́là, wọ́n so irin àbáyọ mọ́ àwọ̀n. Òrùka páìpù tí mò ń wí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àmì orúkọ, mo yà kúrò lọ́dọ̀ Òyìnbó pátápátá. Ẹ ò lè ní kí ará Makoko, tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí omi ní 2012, kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ fún ìjọba sára ìgèrè. Kò ní ṣe é, èmi náà ò ní ṣe é. Kí ẹgbẹ́ apẹja àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan àwọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n kun ike tó ń léfòó, kí baálẹ̀ mọ ta ló ni nọ́ńbà wo. Bí ìgèrè bá sọnù, ẹni tó rí i á mọ ibi tí yóò gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ò sì ní dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun kan ló kù tí oníṣẹ́ ọwọ́ ò lè dá ṣe. Ìwọ̀n òrùka Texas kò lè bá wa mu, torí akàn tiwọn tóbi ju ti ọ̀sà wa lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Victoria Island. UNILAG jókòó sí etí ọ̀sà gan-an ní Akọka, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó ní èèyàn ní ọ̀kan nínú méjèèjì, kó jọ̀ọ́ bá wa béèrè: akàn ọ̀sà wa, mìlímítà mélòó ló máa ń fẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé? Kí wọ́n fún wa ní nọ́ńbà kan. Bàbá Bariga ní bí ó bá ti dé, àwọn á gé páìpù sí i.